Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: mò ń wá orúkọ ìdílé wa nínú ìwé ìròyìn àtijọ́, Iléṣà

Ọmọ Ìsọ̀kùn

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìlú. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Fáṣínà ni orúkọ ìdílé wa, Ìsọ̀kùn níbí ni agboolé wa wà. Bàbá bàbá mi ti ṣaláìsí kí wọ́n tó bí mi, bàbá mi fúnra wọn kì í sì í dá ọ̀rọ̀ wọn sọ títí àwọn náà fi papòdà. Ohun tí a mọ̀ kò ju pé bàbá àgbà lọ sí Ilesa Grammar School, pé wọ́n ṣe tíṣà kiri, àti pé ẹsẹ̀ wọn dá ṣáká nídìí bọ́ọ̀lù. Nígbà tí à ń palẹ̀ ẹrù bàbá mi mọ́ lẹ́yìn ìsìnkú, mo bá fọ́tò kan tí wọ́n lẹ abala ìwé ìròyìn mọ́ lẹ́yìn. Orúkọ àwọn tó gbá bọ́ọ̀lù fún ilé-ìwé náà ni wọ́n tò síbẹ̀, "A. Fashina" sì wà láàrin wọn. Wọ́n ti gé déètì àti orúkọ ìwé ìròyìn náà dànù.

Mo ti tẹ orúkọ náà sí Google. Fáṣínà tó jáde kò lóǹkà: ti Èkó wà níbẹ̀, ti Ìjẹ̀bú wà níbẹ̀, ti Èkìtì wà níbẹ̀. Mi ò mọ èwo ni tiwa. Mo fẹ́ kó gbogbo ohun tí ìwé ìròyìn bá ti kọ nípa ìdílé wa jọ, ìbáà jẹ́ ti ilé-ìwé, ti ìgbéyàwó, ti oyè tàbí ti ìsìnkú, kí àwọn ọmọ wa lè mọ irú ẹni tó bí wọn. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Tíṣà Àgbà

O kú ìrọ́jú bàbá, ọmọ mi. Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere.

Fi íntánẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ ná. Jókòó ti abala ìwé yẹn, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ju orúkọ kan lọ. Ọdún 1934 ni Ẹgbẹ́ Àtúnlùṣe Ilé Ìjẹ̀ṣà dá Ilesa Grammar School sílẹ̀, nítorí náà kò lè ṣáájú ìgbà yẹn. Wò ó bóyá wọ́n dárúkọ Ọwá, ọba ìlú wa. Arómọláràn Kìíní ló wà lórí ìtẹ́ láti 1920 sí 1942. Ajímọ́kọ Kejì tẹ̀lé e, ó lò ó dé 1956. Bíládù Kẹta jẹ láti 1957 sí 1963, Agúnléjìká Kejì láti 1966 sí 1981, Arómọláràn Kejì láti 1982 títí ó fi wàjà ní 2024. Orúkọ ọba kan ṣoṣo lè dín iṣẹ́ rẹ kù láti àádọ́rùn-ún ọdún sí mẹ́wàá.

Yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò pẹ̀lú. Bó bá lẹ̀ pinpin, má fi èékánná họ ọ́ o. Ṣùgbọ́n bí etí rẹ̀ bá ti ṣí, wo ìpolówó tó bá wà níbẹ̀. Ọjà tí wọ́n kọ iye rẹ̀ ní pọ́n-ùn àti ṣílè ti wà kí náírà tó dé ní oṣù kìíní 1973. Bí wọ́n bá ṣì ń pè wá ní Western Region, kò kọjá 1967. Bó bá jẹ́ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ó bọ́ sáàrin 1976 àti 1991 tí wọ́n dá Ọ̀ṣun sílẹ̀. Bí wọ́n bá kọ University of Ife, wọn ò tíì yí i padà sí Obafemi Awolowo University, 1987 nìyẹn.

Lẹ́yìn náà, bi àwọn àgbà ilé léèrè ìjọ tí bàbá àgbà rẹ ń lọ. Láyé ìgbà náà ìjọ ló ni ilé-ìwé, ìjọ ló sì ń rán tíṣà lọ kọ́ṣẹ́. Ọmọ Mẹ́tọ́díìsì sábà máa ń gba Wesley College lọ n'Íbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1905. Ọmọ Àńgílíkà á forí lé St. Andrew's College ní Ọ̀yọ́, èyí tó ti wà láti 1896. Bí o bá ti mọ ìjọ, o mọ kọ́lẹ́ẹ̀jì tó yẹ kí o wá a lọ. Ìjọ náà ló máa ń gbé tíṣà láti ìlú dé ìlú, nítorí náà má ṣe rò pé gbogbo ìròyìn wọn á jáde láti Iléṣà.

Ọ̀dọ́ Ìjòkà

Ẹ kú ọ̀rọ̀ bàbá o. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti kọ̀ǹpútà díẹ̀.

Ẹ má fi àmì ohùn wá orúkọ, ẹ má sì fi ẹyọ ọ̀nà kan ṣoṣo wá a. Ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì ayé ìgbà yẹn máa ń fi "sh" kọ ohun tí àwa ń fi ṣ kọ, wọ́n ń kọ Ilesha, wọ́n ń kọ Ijesha, wọ́n ń kọ Oshogbo. Ẹ wá Fashina, ẹ wá Fasina, ẹ wá Fashinah. Ẹ tún rántí pé kọ̀ǹpútà ló ka ojú ìwé tó ti pọ́n yẹn, tádàwà rẹ̀ sì ti ṣá. Ó lè ka "h" sí "b", ó lè ka "i" sí "l". Fasbina lè jẹ́ ẹni yín.

Ibi tí ẹ lè ti bẹ̀rẹ̀ láìsanwó ni Archivi.ng, tí wọ́n ti ń fi ìwé ìròyìn Nàìjíríà láti 1960 sí 2010 sórí ayélujára. Ti ṣáájú ìgbà náà, àwọn ìwé ìròyìn Èkó bíi Lagos Weekly Record àti Lagos Standard wà lórí àkójọ tí àwọn yunifásítì ń sanwó lé. Ẹ wá ọmọ yín tó bá wà ní irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀, kó wọlé bá yín wá a.

Nígbà mìíràn, ẹ má wá orúkọ náà rárá. Ẹ wá "Ilesha Grammar School" nìkan, kí ẹ fi ojú ara yín ka gbogbo orúkọ tó bá jáde. Mo ti rí orúkọ báyìí rí nínú orúkọ àwọn tó gba ẹ̀bùn, kọ̀ǹpútà ò sì mọ̀ ọ́n.

Ẹni tó bá ń wá Fadáhùnsì níhìn-ín ìṣòro tirẹ̀ tún yàtọ̀. Sir Odeleye Fadahunsi, ọmọ Iléṣà, ni gómìnà Western Region láti 1963 sí 1966, orúkọ rẹ̀ bo gbogbo Fadáhùnsì yòókù mọ́lẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ fi orúkọ àbísọ kún un.

Ọmọ Ọ̀ṣómàáló

Offa ni wọ́n ti bí mi, ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni bàbá mi. Mo fẹ́ kí ẹ wá a kúrò nílé. Àwọn bàbá wa tó ń ṣe òṣómàáló ru aṣọ láwìn dé Èkìtì, dé Ondó, dé òkè ọya, ọ̀pọ̀ wọn sì fìdí kalẹ̀ síbẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bímọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́lé, ibẹ̀ ni ìwé ìròyìn ti dárúkọ wọn. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà a máa dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ níbikíbi tí wọ́n bá wà. Ìpàdé, ìdágbére fún òṣìṣẹ́ tí wọ́n gbé lọ, ìkíni fún Ọwá tuntun: gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn, orúkọ alága àti akọ̀wé á sì wà lábẹ́ rẹ̀.

Ẹ wá ìpolówó àyípadà orúkọ pẹ̀lú. Ẹ mọ̀ ọ́n, èyí tí wọ́n ń kọ pé èmi tí wọ́n ń pè ní báyìí tẹ́lẹ̀ rí, báyìí ni kí ẹ máa pè mí láti òní lọ. Ó máa ń so orúkọ àtijọ́ mọ́ tuntun lójú ìwé kan náà. Bí ìdílé bá pín sí orúkọ méjì, ìyẹn lè jẹ́ ẹ̀rí kan ṣoṣo tí ẹ máa rí.

Tíṣà Àgbà

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni ìyẹn, mo sì fẹ́ fi kún un. Orúkọ ìdílé gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń lò ó lónìí, ilé-ìwé àti ṣọ́ọ̀ṣì ló mú un dúró. Ṣáájú ìgbà náà, ọmọ ìyá méjì lè lọ sí ilé-ìwé kan náà, kí ọ̀kan fi orúkọ bàbá sílẹ̀, kí èkejì fi orúkọ bàbá àgbà sílẹ̀. Mo kọ́ irú wọn. Lójú ìwé, wọn ò bá ara wọn tan rárá.

Ẹ̀sìn náà wà ńbẹ̀. Ìlú yìí ni ìsọjí Òkè-Oóyè ti ṣẹlẹ̀ ní 1930, èyí tí Wòlíì Ayọ̀ Babalọlá ṣe. Láti ìgbà náà ni àwọn ìdílé kan ti ń yọ Fá, Ògún tàbí Ọ̀ṣun kúrò nínú orúkọ, tí wọ́n ń fi Olú tàbí Jésù rọ́pò rẹ̀. Bi wọ́n nílé bóyá Olúṣínà kan wà.

Oyè tún ń gbé orúkọ mì. Ẹni tó bá ti jẹ Ọ̀dọ̀lé tàbí Rísàwẹ́, oyè ni ìwé ìròyìn á máa fi pè é, orúkọ ìdílé á dàwátì títí di ọjọ́ òkú rẹ̀. Ajímọ́kọ Kìíní tó jẹ Ọwá ní 1896, Frederick Kumokun Haastrup ni kó tó gorí ìtẹ́. Ẹni tó bá ń wá Haastrup nìkan á rò pé ó kú ní ọdún tó jọba. Láyé ìgbà yẹn kan náà, Haastrup mìíràn wà ní Èkó, J. P. Haastrup, oníṣòwò, ọmọ Rẹ́mọ ni ìyẹn ní tirẹ̀. Orúkọ kan náà, ìgbà kan náà, ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Nítorí náà, orúkọ nìkan kò tó láti fi gba ẹnikẹ́ni wọ agboolé yín. Kí ohun méjì mìíràn bá a mu: ìjọ, àdúgbò, ilé-ìwé, orúkọ ìyàwó, tàbí oríkì orílẹ̀ tí wọ́n bá kì í nínú ìwé ìsìnkú.

Ìyá Ìbejì

Mo ti ń ka gbogbo ohun tí ẹ kọ láti òkè wá, ẹ ṣeun gan-an. Ṣùgbọ́n ọkùnrin nìkan ni gbogbo yín ń wá. Bàbá àgbà yìí kò ní arábìnrin ni? Wọn ò bí obìnrin ni? Ìdajì ìdílé lẹ fẹ́ gbàgbé sẹ́yìn yìí.

Obìnrin á jẹ́ Miss Fashina títí di ọjọ́ ìgbéyàwó, láti ọjọ́ kejì ó ti di Mrs. Ẹlòmíì. Ẹ wá ìròyìn ìgbéyàwó, pàápàá ti oṣù kejìlá àti oṣù kìíní. Wọ́n máa ń dárúkọ bàbá ìyàwó, ìjọ tí wọ́n ti so wọ́n pọ̀, àti ibi tí ìyàwó ti ń ṣiṣẹ́. Bó bá jẹ́ tíṣà, ẹ wò ó ní United Missionary College n'Íbàdàn, àtàwọn Àńgílíkà àtàwọn Mẹ́tọ́díìsì ló jọ ni ín. Bó bá jẹ́ nọ́ọ̀sì, ẹ wá a lọ sí Wesley Guild Hospital, níbí nílé.

Kí ẹ tó náwó mọ́tò, ẹ tú ilé wò. Ìwé ètò ìsìnkú ni mo fẹ́ràn jù. Ìtàn ìgbésí ayé olóògbé wà nínú rẹ̀, orúkọ àwọn ọmọ wà níbẹ̀, ti àwọn àna wà níbẹ̀, nígbà mìíràn wọ́n á tò ó láti orí ìyàwó àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn. Álímánáàkì ẹgbẹ́ ìjọ náà ńkọ́? Àwọn ìyá wa kì í jù ú nù. Ẹ wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ẹ wo abẹ́ tìmùtìmù. Lórí ti ìyá ọkọ mi, àwòrán àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kéré bí èékánná àtàǹpàkò, fìlà àti gèlè ni ojú kọ́kọ́ ń rí, ṣùgbọ́n orúkọ àti ipò ẹnì kọ̀ọ̀kan wà lábẹ́ rẹ̀ kedere, ọdún sì wà gàdàgbà lókè. Ẹ ṣí àpótí àwọn àgbà obìnrin pẹ̀lú. Ìwé ìròyìn ni wọ́n máa ń tẹ́ sí ìdí rẹ̀ kí aṣọ má bàa dípẹtà.

Bí ẹ bá lọ sí ọ́fíìsì ìjọ láti wo ìwé ìrìbọmi, ẹ mú àgbà kan dání tí wọ́n mọ̀. Níbì kan tí èmi dá lọ, wọn ò tilẹ̀ dá mi lóhùn. Ìgbà tí mo bá Ìyá Ìjọ padà lọ ni wọ́n gbé ìwé sílẹ̀ fún mi.

Alábòójútó

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kọ ọjọ́ ìbí tàbí orúkọ ìyá ẹni tó bá ṣì wà láàyè síbí. Báńkì ń fi í dá ènìyàn mọ̀, oníjìbìtì náà sì ń kà á. Ti àwọn tó ti lọ kò burú.

Ọmọ Ìsọ̀kùn

Ẹ ṣé o, ẹ̀yin àgbà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo dé.

Etí ìwé náà ti ṣí níbì kan. Ìpolówó kẹ̀kẹ́ ló wà lẹ́yìn, iye rẹ̀ jẹ́ pọ́n-ùn àti ṣílè. Níwájú, lábẹ́ orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù, wọ́n kọ ọ́ pé "the Owa, Ajimoko" wá wòran. Wọn ò kọ Kìíní tàbí Kejì, ṣùgbọ́n bí ilé-ìwé bá jẹ́ ti 1934, Ajímọ́kọ Kejì náà ni. Ó bọ́ sáàrin 1942 àti 1956.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin sọ pé Mẹ́tọ́díìsì ni wọ́n, Ọ̀tápẹ̀tẹ́ sì ni wọ́n ń lọ. A jọ lọ síbẹ̀ ni. Orúkọ wọn wà nínú ìwé ìrìbọmi: Amos, ọmọ ọwọ́, 1929. Orúkọ bàbá àti ìyá bá ohun tí màmá sọ mu, wọ́n sì kọ Ìsọ̀kùn síwájú rẹ̀. Màmá tún sọ pé àbúrò bàbá àgbà kan wọ ìjọ aládùúrà, Olúṣínà ló ń jẹ́ títí ó fi kú ní Jos. Mi ò gbọ́ orúkọ ọkùnrin náà rí láyé mi. Ó tún ní arábìnrin kan wà, Comfort, tó kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ìyá Ìbejì, ẹ ṣeun, bí kì í bá ṣe tiyín, n kì bá tí béèrè.

Ọ̀kan tún wà. Mo rí "A. Fashina" nínú ìwé ìròyìn 1962, olùkọ́ àgbà ní ilé-ìwé kan l'Ékòó. Ṣé kí n kọ ọ́ mọ́ bàbá àgbà?

Tíṣà Àgbà

Kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́tọ̀, má tíì kọ ọ́ mọ́ wọn. Orúkọ àbísọ, ìjọ tàbí ìlú, o ò tíì ní ọ̀kankan níbẹ̀. Ìwádìí rẹ ti dára púpọ̀. Má jẹ́ kí ìkánjú ba èyí tó dá ọ lójú jẹ́.

Olùtọ́jú Ìwé

Iṣẹ́ ìwé ni mò ń ṣe n'Íbàdàn, ọ̀rọ̀ yín wù mí. Ohun tí ẹ ní báyìí tó láti fi wọ inú ìwé ìròyìn gan-an.

Ọmọ tí wọ́n rì bọmi ní ọwọ́ ní 1929, kò jọ pé á ti máa gbá bọ́ọ̀lù fún ilé-ìwé girama ṣáájú 1943, kò sì jọ pé á ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn 1950. Ẹ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Nigerian Tribune kò tíì sí títí di oṣù kọkànlá 1949, nítorí náà ẹ fi sí ìkẹyìn. Daily Times wà, láti 1926. Akede Eko wà láti 1928, Yorùbá lòun fi ń kọ ìròyìn púpọ̀. West African Pilot wà láti 1937. Southern Nigeria Defender náà wà, tí Azikiwe dá sílẹ̀ ní Warri ní 1943 kó tó gbé e wá sí Ìbàdàn. Èmi á kọ́kọ́ ṣí Defender àti Pilot, nítorí wọ́n fẹ́ràn ìròyìn ìlú kéékèèké.

Ibi méjì ni kí ẹ gbà lọ, inú ọgbà University of Ibadan ni méjèèjì wà. Ọ̀kan ni Kenneth Dike Library. Láti 1950 ni òfin ti ní kí wọ́n máa fi ẹ̀dà ohun tí wọ́n bá tẹ̀ ní Nàìjíríà ránṣẹ́ síbẹ̀. Èkejì ni National Archives, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1954. Oyo Province ni Iléṣà wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà ayé Òyìnbó, nítorí náà fáìlì Oyo Province àti ti Ilesha Division ni kí ẹ béèrè, lẹ́yìn ìwé ìròyìn. Lẹ́tà àwọn olórí ilé-ìwé, ẹ̀bẹ̀ àwọn ará ìlú, ọ̀rọ̀ oyè, gbogbo rẹ̀ ló wà ńbẹ̀, pẹ̀lú ìbuwọ́lùwé àwọn tó kọ ọ́. Bí bàbá àgbà bá fi iṣẹ́ ìjọ sílẹ̀ bọ́ sí ti ìjọba nígbà kan, ẹ béèrè Gazette, ìwé ìkéde ìjọba. Ibẹ̀ ni wọ́n ń tẹ orúkọ àwọn tí wọ́n gbà, tí wọ́n gbé ga tàbí tí wọ́n gbé kúrò síbòmíì.

Ẹ mú lẹ́tà ìfinihàn àti káàdì ìdánimọ̀ dání. Pẹ́ńsù ni kí ẹ mú, ẹ fi bírò sílẹ̀. Ẹ gba àyè kí ẹ tó ya fọ́tò. Ẹ má bá wọn sọ pé gbogbo Fáṣínà lẹ fẹ́ rí, ẹni tó wà nídìí tábìlì kò ní mọ ohun tó máa gbé fún yín. Orúkọ ìwé ìròyìn, oṣù àti ọdún ni kí ẹ kọ sí ìwé ìbéèrè. Nígbà náà, oṣù kìíní ni ọdún ilé-ìwé ń bẹ̀rẹ̀, oṣù kejìlá ló ń parí. Ọjọ́ Empire Day, 24 oṣù karùn-ún, ni àwọn ọmọ ilé-ìwé máa ń yan bí ológun, tí wọ́n sì máa ń ṣeré ìdárayá níwájú ọba àti D.O., Òyìnbó alákòóso agbègbè. Ẹ ka ọ̀sẹ̀ méjì tó tẹ̀lé e ní ọdọọdún, nítorí ìròyìn láti òkè ìlú máa ń pẹ́ kó tó dé Èkó.

Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ fi rúlà lélẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ abala ìwé yẹn, kí ẹ ya á ní fọ́tò tó mọ́lẹ̀, iwájú àti ẹ̀yìn. Bí òpó ọ̀rọ̀ inú ìwé ìròyìn kan ṣe fẹ̀ tó àti bí lẹ́tà rẹ̀ ṣe rí kò dọ́gba pẹ̀lú ti òmíràn. Ẹ fi rúlà kan náà wọn ti Pilot àti ti Defender, èyí tí kò bá bá a mu, ẹ pa á tì. Ìpolówó kẹ̀kẹ́ tó wà lẹ́yìn náà ṣe pàtàkì. Wọ́n máa ń tẹ irú rẹ̀ léraléra, bí ẹ bá rí oṣù tí wọ́n ń gbé e jáde, ẹ ti sún mọ́ tòsí.

Ọmọ Ìsọ̀kùn

Ẹ ṣeun, sà. Màmá ti ní àwọn á bá mi lọ, ara wọn ti wà lọ́nà. Mo ti kọ àwọn oṣù náà sílẹ̀, mo sì ti ya abala ìwé náà pẹ̀lú rúlà. Ohunkóhun tí mo bá rí, ibí ni màá gbé e wá.

Ìyá Ìbejì

Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ béèrè Miss Comfort Fashina náà. Ẹ wo ìròyìn àwọn nọ́ọ̀sì Wesley Guild tó yege, kí ẹ tún wo ìgbéyàwó. Mo ní ojúlùmọ̀ kan tó fẹ̀yìn tì níbẹ̀, màá bi í léèrè lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn.